Kọ́kọ́rọ́ Tí Ó Kọjú Sí Ògiri

Gíláàsì àpótí náà kò fọ́, àgádágodo rẹ̀ kò sì ní ojú ìfọ́ kankan. Síbẹ̀, ìwé tí ó wà nínú rẹ̀ ti di àwátì. Aṣọ pupa tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó kù, ó sì tẹ̀ wọnú ní ìwọ̀n ìwé náà gẹ́lẹ́, bí ibùsùn ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Atọpinpin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fi dún, ó sì nàró láìrí ohunkóhun.

"Aago mélòó lẹ rí i kẹ́yìn?"

"Aago mẹ́fà òwúrọ̀ yìí," ni Ìyá Onílé dá a lóhùn. "Mo nu eruku orí gíláàsì náà. Mo tiẹ̀ kí i. Mo ní, 'Ìwé, òní lọjọ́ rẹ o.' Nígbà tí mo padà wọlé láago mẹ́jọ, àyè rẹ̀ ni mo bá."

"Ẹ máa ń kí ìwé?"

"Ọ̀gá, ẹni tí kò bá ní ẹlòmíràn tí yóò gbà á sílẹ̀, ṣé kò ní kí ìwé?"

Atọpinpin kò rẹ́rìn-ín. Atọpinpin ni gbogbo ọlọ́pàá ń pè é, nítorí pé bí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yìí bá ti di ìdí ọ̀ràn mú, kì í jọ̀wọ́ rẹ̀ títí yóò fi tọ́ ọ dé òpin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń tọ pinpin ń fẹ́ àkókò, àkókò gan-an ni kò sì sí. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti lù. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìgbìmọ̀ ìlú yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilé àlejò yìí. Wọ́n fẹ́ fẹ ojú títì, ilé náà sì yọ imú síta bí ẹni ń yọjú wo ìjà. Òfin kan ṣoṣo ni ó lè gbà á: ilé tí ó bá ti ń gba àlejò fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o. Ìwé tí wọ́n fi kọ orúkọ àwọn àlejò ìgbà àkọ́kọ́ ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí opó yìí ní. Bí kò bá rí i gbé síwájú ìgbìmọ̀, katakata yóò dé ní ọjọ́ Ajé, ilé tí ó ti ń tọ́jú fún ogójì ọdún yóò sì di òkúta tí wọ́n fi ń dí kòtò.

"Ọdún mélòó ni ilé yìí?"

"Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún. Ó wà lára pátákó ojú ọ̀nà."

"Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?"

"Ọkọ mi, kó tó kú."

"Ta ló sọ fún un?"

"Bàbá rẹ̀."

"Ìwé náà fúnra rẹ̀ ńkọ́, kí ló sọ?"

Ìyá Onílé fi ọwọ́ gbá etí gèlè rẹ̀. "Mi ò mọ̀. Ojú ewé kan náà la ṣí i sí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ. Bébà rẹ̀ ti gbẹ. Bí èèyàn bá ń ṣí i kiri, yóò fọ́ bí ewé tó jábọ́ lẹ́ẹ̀rùn. Mo ti pinnu pé akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n má baà ní mo fọwọ́ kàn án."

Sájẹ́ǹtì tí wọ́n yàn ti Atọpinpin, ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ balẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, yọ orí láti ẹnu ọ̀nà. "Ọ̀gá, kò sí àlejò kankan nínú ilé láti ìrọ̀lẹ́ àná. Mo wo àwọn yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Mo wo abẹ́ ibùsùn. Ibùsùn yàrá kẹta rọ̀ gan-an ni."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó rọ̀?"

Sájẹ́ǹtì wo bàtà rẹ̀.

*

Ẹni àkọ́kọ́ tí ojú gbogbo ènìyàn yí sí ni Olùkọ́. Àgbà olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì ń kọ ìtàn ilé àlejò náà láti ọdún mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti bẹ Ìyá Onílé pé kí ó jẹ́ kí òun ṣí ìwé náà dé ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sì ti gba "rárá" padà sílé.

Atọpinpin bá a lórí ìjókòó gígùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wú, wọ́n sì fi báńdéèjì dì í dé orúnkún.

"Ẹ̀yin lẹ jí ìwé náà?"

"Ẹ káàárọ̀," ni Olùkọ́ wí.

Atọpinpin gbé àbùkù náà mì. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ̀yin lẹ jí ìwé náà?"

"Báyìí ló yẹ kí ìbéèrè rí. Rárá, èmi kọ́. Láago méje, nọ́ọ̀sì ń fún ẹsẹ̀ mi níhìn-ín, gbogbo àdúgbò ló sì gbọ́ igbe mi. Àtẹ̀gùn mẹ́fà ló wà níwájú ilé àlejò. Kí n tó gun ẹyọ kan, wọn yóò ti fẹ títì náà tán."

Nọ́ọ̀sì, tí ó ń ká báńdéèjì mìíràn nínú yàrá kejì, mi orí sí wọn pé òtítọ́ ni.

"Kí ló wà nínú ìwé yẹn tó bẹ́ẹ̀?"

Ojú Olùkọ́ tàn. "Ojú ewé tó wà ní ṣíṣí yẹn, ọjọ́ omíyalé ni. Àlejò mẹ́tàlélógójì ló sùn sínú yàrá mẹ́jọ. Adájọ́ kan sùn lórí àtẹ̀gùn, ó sì gbé orí lé èjìká ọ̀daràn tó fẹ́ dájọ́ fún lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di àárọ̀, ó ní òun kò lè dá ẹjọ́ náà mọ́, nítorí ẹni tó bá ti gbọ́ bí èèyàn ṣe ń hanrun ti di ẹbí rẹ̀. Ìyàwó ilé kan sì bí ìbejì sí yàrá karùn-ún; ọ̀gá ilé sì kọ àwọn méjèèjì sílẹ̀ bí àlejò, nítorí pé wọ́n sùn níbẹ̀. Ọ̀gá, mi ò lè jí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa kì í jí ìkòkò, ọbẹ̀ ló ń wá."

Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ìtàn dídùn kì í mú olè. Nígbà tí Atọpinpin jáde, aago mẹ́wàá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú, kò sì ní ohun tí ó ju èyí tí ó gbé wọlé lọ.

*

Ó padà sí ilé àlejò, ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé káńtà, ó sì ń fi pẹ́ńsù gbá eyín. Iwájú rẹ̀ gan-an ni pátákó tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ wà. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́sàn-án ni ó wà lórí rẹ̀: mẹ́jọ fún àwọn yàrá, ọ̀kan fún pálọ̀ tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí. Wọ́n so igi pẹlẹbẹ kan tí a kọ nọ́ńbà sí mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ nínú wọn kọ ojú nọ́ńbà sí i. Ẹ̀kẹsàn-án, ti pálọ̀, èyí tí kọ́kọ́rọ́ àpótí onígíláàsì wà lórí òrùka kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kọ ẹ̀yìn sí i.

Pẹ́ńsù náà dúró.

"Ìyá Onílé! Ta ló kọ́ èyí báyìí?"

Obìnrin náà sún mọ́ ọn. Ó wo kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì gbé ọwọ́ lé àyà. "Háà! Ó tó ogún ọdún tí mo ti rí kọ́kọ́rọ́ tó kọjú sí ògiri kẹ́yìn."

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Láyé ìyá ọkọ mi ni. Tí wọ́n bá ti kó aṣọ ibùsùn yàrá kan lọ fọ̀, wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọjú sí ògiri, kí ẹnikẹ́ni má baà mú àlejò lọ sórí ibùsùn tó wà níhòòhò. Nígbà tí ilé bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo ra síléètì, mo ń kọ ọ́ síbẹ̀. Àṣà yẹn kú."

Ara Atọpinpin yá gágá. Olè tí ó bá fi ọwọ́ àtijọ́ ṣiṣẹ́, ọwọ́ náà ni yóò tú u fó. "Nígbà náà, ẹni tó jí ìwé yìí mọ ilé yìí kó tó di ogún ọdún sẹ́yìn. Ta ló kù láyé tó mọ àṣà náà?"

"Èmi," ni Ìyá Onílé wí. Ó ronú. "Àti àbúrò ọkọ mi, Káfíńtà. Inú ilé yìí ni wọ́n bí i sí."

"Kò sí ẹlòmíràn?"

"Kò sí."

"Ṣé àárín ẹ̀yin méjèèjì gún?"

Ìyá Onílé wo ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni bàbá wọn fi ilé náà lé lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi kékeré kò tẹ àtẹ̀gùn ilé yìí mọ́. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wó o, òun lòun máa kọ́kọ́ yọ ilẹ̀kùn rẹ̀."

Atọpinpin ti dé fìlà kí ó tó parí ọ̀rọ̀.

*

Káfíńtà ń fá pákó nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn oníbàárà méjì sì dúró tì í, wọ́n ń dúró de àga wọn. Irun rẹ̀ ti funfun, ẹ̀rún pákó sì ti bò ó mọ́lẹ̀ tí ènìyàn kò fi mọ ibi tí irun parí sí.

"Níbo lo wà láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀ yìí?" ni Atọpinpin bi í láìkí i.

Káfíńtà gbé ojú sókè. "Ta ni 'o' yẹn? Ṣé èmi àti ìwọ jọ ṣeré nínú iyanrìn rí ni?"

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè."

"Bi mí dáadáa, kí n dá ọ lóhùn dáadáa."

"Àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́ kì í pẹ́ dáhùn. Olè ilé ni ọ́! Ìwé tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ lo jí, kí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ lè wó."

Àwọn oníbàárà méjèèjì wo ara wọn. Káfíńtà gbé ìfági rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tí ó sùn. Sájẹ́ǹtì kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, wọ́n sì mú un gba àárín òpópónà kọjá lójú gbogbo ènìyàn, ẹ̀rún pákó ń já bọ́ láti èjìká rẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀.

Nínú ilé rẹ̀, wọn kò rí ìwé. Nínú ṣọ́ọ̀bù, wọn kò rí i. Atọpinpin bi í ní ogún ìbéèrè. Ògiri ìbá ti dá a lóhùn ju Káfíńtà lọ. Ọ̀sán gangan ti pọ́n nígbà tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlú, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí bíbínú rẹ̀ ga jù ú lọ, já wọ àgọ́ ọlọ́pàá.

"Ta ló ní kí ẹ ti káfíńtà mi mọ́lé?"

"Káfíńtà yín?"

"Láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di mẹ́jọ ààbọ̀ ló ti ń tún tábìlì ìgbìmọ̀ ṣe. Èmi fúnra mi ni mo di ẹsẹ̀ tábìlì náà mú fún un. Ó gbé ọ̀kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù pé òun yóò fá a wá. Àwọn àgbààgbà yóò jókòó ní wákàtí méjì sí i, tábìlì wọn sì dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta bí àdògán!"

Etí Atọpinpin gbóná. Ó yíjú sí Káfíńtà. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?"

"Ṣé ẹ béèrè ni? Ẹjọ́ lẹ dá," ni Káfíńtà wí. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí wọ́n lè tú u. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, kò sì bojú wẹ̀yìn. "Ìyàwó wa sọ fún yín pé mo mọ àṣà kọ́kọ́rọ́. Òótọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ilé kan bá fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, bàbá wa á gbá a létí. Ẹni tó bá kó aṣọ ibùsùn lọ́wọ́ nìkan ló ń yí kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni."

Ó lọ. Atọpinpin dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba àwo oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti béèrè ẹni tí ó mọ àṣà náà. Kò béèrè ẹni tí ó ń ṣe é. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ bí a ti ń rin ìrìn àwọn sójà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ́ sójà rí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò ronú.

"Sájẹ́ǹtì, ta ló ń fọ aṣọ ilé àlejò?"

"Baba Alágbàfọ̀ ni, ọ̀gá. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi."

"O sì mọ̀ ọ́n láti àárọ̀?"

"Ẹ ò béèrè, ọ̀gá."

*

"Ẹ ní kò sí ẹlòmíràn! Baba Alágbàfọ̀ ńkọ́?" ni Atọpinpin pariwo mọ́ Ìyá Onílé bí ó ti ń kọjá nínú gbọ̀ngàn.

"Baba Alágbàfọ̀ kẹ̀?" Obìnrin náà ya ẹnu. "Ọ̀gá, bí ẹ bá ní kí n ka àwọn tó wà nínú ilé, ṣé n ó ka òpó mọ́ wọn?"

Ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìfọṣọ wà. Baba Alágbàfọ̀ ń lọ aṣọ ibùsùn funfun kan, irin rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, èéfín omi sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Arúgbó ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ mọ́ ìwọ̀n tábìlì tí ó ti ń lọ aṣọ lórí rẹ̀ láti àádọ́ta ọdún.

"Ẹ bọ́ bàtà," ni ó wí. "Ilẹ̀ mi mọ́."

Atọpinpin bọ́ bàtà. Sájẹ́ǹtì bọ́ tirẹ̀, ó sì yára fi ìbọ̀sẹ̀ tí ó ti ya pamọ́ sẹ́yìn ẹsẹ̀ kejì.

"Baba, níbo ni ìwé náà wà?"

Arúgbó náà gbé irin kúrò lórí aṣọ kí ó má baà jó, ó sì tì í sápá kan. "Inú àpò ìrọ̀rí tó wà lókè yẹn. Láti àárọ̀ ni mo ti ń retí pé kí ẹnì kan bi mí. Ẹ ti bi ẹlẹ́sẹ̀ wíwú, ẹ ti de ọmọ onílé. Ẹ rékọjá fèrèsé mi lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo tiẹ̀ kí yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò dáhùn."

Ìyá Onílé ti tẹ̀ lé wọn wọlé. Òun ni ó na ọwọ́ sókè, tí ó sì fa ìwé náà yọ láàárín àwọn àpò ìrọ̀rí tí a ti ká.

"Baba, ẹ̀yin? Kí ni mo fi ṣe yín?"

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí, ìyá. Mo fẹ́ mọ̀ dájú ni. Lẹ́yìn tí ẹ nu gíláàsì tán lẹ lọ sẹ́yìnkùlé. Mo wọlé, mo ṣí ìwé náà dé ìbẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí mo ṣe ń ṣí aṣọ ìyàwó. Ẹ ṣí i, kí ẹ wò ó."

Ó ṣí i. Atọpinpin na ọrùn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ orúkọ àlejò àkọ́kọ́ hàn kedere lórí ìlà àkọ́kọ́. Ó kà á, ó fi ìka ṣírò, ó sì tún un ṣírò nítorí pé kò fẹ́ràn ohun tí ó rí. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.

"Ọdún mẹ́ta ló fi dín," ni Baba Alágbàfọ̀ wí. "Mo rò ó pé bí kò bá sí ìwé, bóyá wọ́n á gba ọ̀rọ̀ ẹnu wa gbọ́, àti pátákó ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá dé ibẹ̀, ìwé náà gan-an ni yóò wó ilé. Mi ò jí i. Mo kàn kó o lọ fọ̀ ni. Ọwọ́ mi ló sì yí kọ́kọ́rọ́. Èmi ò rán an."

Ìyá Onílé jókòó lórí agbọ̀n aṣọ. Kò sunkún. Ojú Atọpinpin ni ó ń wò, bí ènìyàn ṣe ń wo dókítà tí ó rí àrùn tí kò sí oògùn rẹ̀. "Ta ló rán mi níṣẹ́ tí mo fi pè yín? Ẹ wá a, ẹ sì rí i. Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi rí ohun tí yóò pa mí."

Láti ọdún pípẹ́ tí Atọpinpin ti ń wá ohun tí ó sọnù, ẹnikẹ́ni kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí rí. Ìbínú gbé e. Ó bínú sí ìwé náà, ó bínú sí ẹni tí ó kọ ọ́, ó sì tẹ ojú mọ́ ìlà àkọ́kọ́ bí ẹni tí ó fẹ́ fipá mú un jẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni ó ti rí i.

"Kí ni iye tó wà níwájú orúkọ yìí?"

"Nọ́ńbà àlejò ni," ni Ìyá Onílé wí láìgbé orí sókè. "Kò sí àlejò tí kò ní tirẹ̀. Ọdún lè yí, ìwé lè tán, nọ́ńbà kì í padà sí ọ̀kan. Ti àlejò tó lọ láná ti ju ọ̀kẹ́ méjì lọ."

"Ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́rìnlá ni wọ́n kọ síwájú ẹni yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ó..." Ohùn obìnrin náà dúró. Ó dìde lórí agbọ̀n.

"Àwọn ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́tàlá tó ṣáájú rẹ̀ dà?" ni Atọpinpin béèrè. "Wọn kò sí nínú ìwé yìí. Ìwé kan ti wà kí èyí tó wà, ó sì ti sọnù. Ẹ jẹ́ kí a wo iye tó ń wọlé lọ́dún kan." Ó ṣí ewé jẹ́jẹ́, ó ń wá ọjọ́ kan náà nínú ọdún tí ó tẹ̀ lé e. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ó lé méjìlá. Ọ̀ọ́dúnrún ó dín méjì ni gbogbo àlejò ọdún kan. Ọ̀ọ́dúnrún lọ́nà mẹ́rin, ẹgbẹ̀fà. Kí wọ́n tó lè gba ẹgbẹ̀fà àlejò ṣáájú ìwé yìí, wọ́n ti lo ọdún mẹ́rin. Mẹ́rin lé mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún..."

"Ọ̀kànlélọ́gọ́rùn-ún!" ni Baba Alágbàfọ̀ kígbe. "Pátákó kò parọ́!"

Sájẹ́ǹtì ti yọ lẹ́tà tí ìgbìmọ̀ kọ sí Ìyá Onílé nípa ìjókòó náà jáde, ó sì ń fi ìka ka ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀. Inú ẹni tí ó ń mú ìròyìn burúkú wá kì í sábà dùn, ṣùgbọ́n ó ka tirẹ̀ láìjá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀: "'Bí ẹ̀rí bá ń fẹ́ àlàyé, ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ olùdásílẹ̀ ilé ni kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe é.' Ìyàwó kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ọ̀gá. Ìyá Onílé kò lè sọ ọ́."

"Ta ló kù nínú ẹ̀jẹ̀ náà?"

Gbogbo wọn yíjú sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà. Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú.

*

Káfíńtà ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń fá ẹsẹ̀ tábìlì. Àwọn oníbàárà méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta mìíràn ti kún wọn láti wá gbọ́ bí ọ̀ràn ti rí. Atọpinpin rò ó bóyá kí ó ní kí wọ́n jáde. Kò ní kí wọ́n jáde. Ó ṣí fìlà, ó dì í mú síwájú ikùn.

"Ẹ káàsán, sà."

Ìfági ń lọ.

"Mo pè yín lólè lójú àwọn èèyàn. Ẹ kì í ṣe olè. Mo mú yín gba òpópónà kọjá nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mi ò wádìí ni mo gbé lé yín lórí. Mo túúbá. Ibi tí mo ti tàbùkù yín ni mo ti ń túúbá."

Ìfági dúró. "Kí lẹ fẹ́?"

Atọpinpin sọ ohun tí ó fẹ́. Ó sọ ọ́ láìfi òótọ́ kankan pamọ́: ọjọ́ tí ó wà nínú ìwé, iye tí ó wà níwájú orúkọ, òfin ẹ̀jẹ̀. Káfíńtà tẹ́tí sí i dé òpin. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ tábìlì náà sókè, ó fi ojú kan wò ó bóyá ó tọ́.

"Mo máa gbé èyí lọ fún ìgbìmọ̀," ni ó wí. "Iṣẹ́ mi ni. Mi ò sọ nǹkan mìíràn."

*

Tábìlì gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ti padà sórí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Alága ká ọwọ́ lé e, ó tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Onílé ti gbé ìwé síwájú rẹ̀; akọ̀wé ti ka ọjọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ sókè, gbogbo gbọ̀ngàn sì ti kùn hùn-ùn. Atọpinpin ti ṣe ìṣirò rẹ̀.

"Ìṣirò dára," ni Alága wí. "Ṣùgbọ́n àlejò ni yín nílùú yìí. Ta ló sọ fún wa pé láti orí ọ̀kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà? Ẹnì kan lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹgbẹ̀fà, kó lè dà bí ẹni pé ọjà rẹ̀ ń tà. Ṣé ẹ̀jẹ̀ olùdásílẹ̀ wà níbí?"

Ìyá Onílé di ọwọ́ Baba Alágbàfọ̀ mú.

Abẹ́ tábìlì ni ìdáhùn ti wá. Káfíńtà, tí ó ṣì ń fi ìṣó tí ó gbẹ̀yìn kan ẹsẹ̀ tábìlì náà mọ́ ibi tí ó yẹ, rá jáde, ó sì gbọn ẹ̀rún pákó kúrò ní orúnkún.

"Èmi rèé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni mí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, nọ́ńbà àlejò ni bàbá mi fi kọ́ mi ní ìṣirò. Ó ní àlejò kìn-ín-ní, arìnrìn-àjò kan tí òjò lé wọlé ni. Ọ̀kan ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀kan náà ni. Bàbá bàbá mi kò bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun láti àárín rí. Kòkòrò ló jẹ ìwé àkọ́kọ́ tán, bàbá mi sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú títí ó fi kú."

Alága fi ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì. "A gbọ́ pé o ní ìwọ lo máa kọ́kọ́ yọ ilẹ̀kùn ilé náà lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ wó o."

"Mo sọ ọ́. Bí ẹ bá tún bi mí lọ́la, n ó tún un sọ. Mi ò fẹ́ràn ilé yẹn, ilé yẹn náà ò sì fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò ka èké fún mi, èmi náà ò ní ka èké mọ́ ọn."

Àwọn àgbààgbà fi orí kan orí. Kò pẹ́, Alága ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀: ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún, títì yóò yà gba apá kejì, katakata kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Baba Alágbàfọ̀ jókòó sórí ilẹ̀ gan-an, níwájú gbogbo ènìyàn, bí ẹni tí eegun rẹ̀ tán.

Ní ẹnu ọ̀nà, Sájẹ́ǹtì tọ Atọpinpin lọ pẹ̀lú ìwé ìròyìn ọ̀ràn lọ́wọ́. "Ọ̀gá, ta ni kí n kọ gẹ́gẹ́ bí olè?"

"Kọ ọ́ pé ìwé náà kò kúrò nínú ilé. Ìdọ̀tí ojú mi ni kò jẹ́ kí n rí i."

Ìyá Onílé ti sáré bá Káfíńtà lórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn, ó sì kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ ṣeun. Ẹ yà wọlé, ẹ wá jẹun. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò jẹun níbẹ̀." Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sì tún dúró. "Àtẹ̀gùn kejì iwájú ilé yẹn ti yẹ̀. Láti òpópónà ni mo ti ń gbọ́ ọ bó ṣe ń ké bí ẹni bá ń gùn ún. Ọdún mẹ́rìnlá rèé, ẹ ò sì rí ẹnì kankan pè kó wá kàn án. Lọ́la, láago méje, n ó dé pẹ̀lú ìṣó. Iṣẹ́ ni mo ń bọ̀ wá ṣe o, ìyàwó wa. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni wò."